Ìrìn-Àjò Afẹ́ Ọlọ́jọ́ Mẹ́ta sí Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Iyọ̀ Uyuni àti Aṣálẹ̀ Lípez

Ilẹ̀ náà àti bí iyọ̀ ṣe dé orí rẹ̀

Salar de Uyuni ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ iyọ̀ tó tóbi jù lọ láyé. Ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Bòlífíà ló wà, ní ẹkùn Potosí, lórí ilẹ̀ gíga tí ọ̀wọ́ òkè Andes méjì há sí àárín, èyí tí wọ́n ń pè ní Altiplano. Ó fẹ̀ ju 10,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ, gíga rẹ̀ sí ìtẹ́jú òkun sì jẹ́ 3,656 mítà. Láti etí gúúsù rẹ̀ títí dé ẹnubodè Ṣílè, ńṣe ni ilẹ̀ tún ń ga sí i: aṣálẹ̀ olókùúta ni, pẹ̀lú àwọn adágún aláwọ̀ oríṣiríṣi àti àwọn òkè ayọnáyèéfín tó lé ní 5,000 mítà. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ iyọ̀ yìí àti aṣálẹ̀ Lípez tó tẹ̀ lé e ni ìrìn-àjò tí orí yìí dá lé máa ń so pọ̀.

Odò tó bá ṣàn wọ Altiplano kì í rí ọ̀nà dé òkun. Omi rẹ̀ á dúró sí ibi tó rẹlẹ̀, oòrùn á fà á gbẹ, iyọ̀ tí omi náà ti fọ̀ kúrò lára àpáta á sì ṣẹ́kù sílẹ̀. Ní nǹkan bí 40,000 ọdún sẹ́yìn, adágún ńlá tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní Minchin ló bo agbègbè náà. Adágún Tauca rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì wà níbẹ̀ ní nǹkan bí 18,000 sí 14,000 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí ojú ọjọ́ yí padà tí omi gbẹ, adágún Poopó àti Uru Uru ló kù ní àríwá, pẹ̀tẹ́lẹ̀ iyọ̀ Coipasa àti Uyuni ló kù ní gúúsù. Àwọn tó gbẹ́ ihò tó jìn ju 100 mítà lọ sínú ilẹ̀ Uyuni bá ìpele iyọ̀ àti ìpele ẹrẹ̀ adágún lérí ara wọn, ìyẹn ni pé omi ti wá, omi sì ti lọ níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kánún tí wọ́n fi ń se ẹ̀wà ní ilẹ̀ Yorùbá kò gba ọ̀nà mìíràn wáyé: agbègbè adágún Chad, níbi tí omi ti ń gbẹ tí kò sì rọ́nà jáde, ni wọ́n ti ń wà á láti ayébáyé.

Ojú iyọ̀ náà tẹ́ kọjá ohun tí ojú lásán lè wọ̀n. Láti etí kan dé èkejì, ìyàtọ̀ láàárín ibi tó ga jù àti ibi tó rẹlẹ̀ jù kò ju mítà kan lọ. Òjò ló ń tẹ́ ẹ. Lọ́dọọdún, omi òjò á yọ́ iyọ̀ òkè, á tàn káàkiri, á sì gbẹ, gbogbo ihò àti gegele á sì dọ́gba. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ sátẹ́láìtì fi ń fi ibẹ̀ yẹ ẹ̀rọ tó ń wọn gíga ilẹ̀ láti ojú sánmà wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìwọ̀n rẹ̀ pé. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilà máa ń yọ sókè lórí iyọ̀, á pín in sí igun márùn-ún tàbí mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tó mítà kan sí méjì. Ọ̀pọ̀ rò tẹ́lẹ̀ pé sísán ni iyọ̀ náà kàn ń sán. Ìwádìí tó jáde ní 2023 tọ́ka sí abẹ́ ilẹ̀: omi tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ wúwo, ó ń rì, èyí tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ ń gòkè wá gba ipò rẹ̀, ibi tí omi wíwúwo ti ń rì gan-an ni ilà iyọ̀ ti ń yọ.

Omi oníyọ̀ tó wà lábẹ́ èèpo funfun yìí ní lítíọ́mù nínú, èyí tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì fóònù àti ti ọkọ̀ oníná. Nínú ìṣirò ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ilẹ̀, lítíọ́mù Bòlífíà ju 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ. Àmọ́ ohun tó wà nílẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó ti bọ́ sọ́wọ́. Mágníṣíọ́mù pọ̀ nínú omi náà, ó sì ṣòro yà kúrò lára lítíọ́mù. Òjò ọdọọdún kì í sì í jẹ́ kí adágún àtọwọ́dá tí wọ́n ń fa omi náà sí tètè gbẹ. Oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni ìjọba tó ṣí ilé-iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ láti máa ṣe 15,000 tọ́ọ̀nù lítíọ́mù kábónéètì lọ́dún.

Àkókò tó dára

Láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá, ilẹ̀ gbẹ, iyọ̀ le, ọkọ̀ sì lè dé ibi gbogbo. Òtútù ni ìṣòro rẹ̀: òru oṣù Kẹfà àti Keje lè tutù dé digirì 20 sí ìsàlẹ̀ òdo. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, òjò ń rọ̀, omi tí kò ga ju kókósẹ̀ lọ á bo iyọ̀, sánmà á sì hàn nínú rẹ̀ ketekete. Àwòrán ìgbà òjò yìí ló sọ Uyuni di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ohun tí àwòrán kì í sọ ni pé ọkọ̀ kì í lè rìn jìnnà nínú omi náà, pé iyọ̀ ń jẹ irin abẹ́ ọkọ̀, àti pé erékùṣù Incahuasi, òkè kan láàárín iyọ̀ náà, lè má ṣe é dé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí omi díẹ̀ kí ó sì tún rìn dé ibi tó pọ̀, ìparí oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin ló bá a mu jù.

Òkè àti ara ènìyàn

Gíga ibẹ̀ ló ń pinnu bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ to ìrìn-àjò yìí, ju ẹwà ibẹ̀ lọ, ju owó lọ. Ìdá ọ́síjìn nínú atẹ́gùn kì í yí padà bí ènìyàn ti ń gòkè. Agbára tí atẹ́gùn fi ń tẹ ara ni ó ń dín kù, ọ́síjìn tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ á sì dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Ní ìlú Uyuni, agbára náà jẹ́ nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ti etí òkun. Ní Sol de Mañana, ibi tí oru ti ń rú láti inú ilẹ̀ tí wọ́n ń dé lọ́jọ́ kẹta, tó ga tó nǹkan bí 4,850 mítà, ó ti sún mọ́ ìdá 55. Ara ń gbìyànjú láti dí àlàfo yìí: mímí á yá, ọkàn á máa lù kíkan, bí ọjọ́ bá sì ti ń gorí ọjọ́, ara á pèsè ẹ̀jẹ̀ pupa sí i tí yóò máa gbé ọ́síjìn. Ẹni tí kò fún ara láyè láti ṣe èyí ni orí ń fọ́, tí èébì ń gbé, tí oorun kò sì kùn. Soroche ni àwọn ará Andes ń pè é. Kì í mọ alágbára: eléré ìdárayá lè dùbúlẹ̀ nígbà tí arúgbó ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹun.

Nígbà tó bá burú, omi lè kún ẹ̀dọ̀fóró, ọpọlọ sì lè wú. Èémí tí kò balẹ̀ bí ènìyàn tilẹ̀ jókòó, ikọ́ olómi, ìrìn tó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ àti ọ̀rọ̀ tí kò já mọ́ra ni àmì rẹ̀. Ìtọ́jú tó dájú jù ni kí wọ́n gbé ẹni náà sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ láàárín òru. Ewé coca tí àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ, tí wọ́n sì ń fi ṣe tíì, máa ń tu ni lára, ṣùgbọ́n kò lè dá àìsàn ńlá dúró, òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò sì gbà kí wọ́n mú un wọlé. Ògùn acetazolamide wà, dókítà ló sì yẹ kó fúnni.

Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn òkè fi lélẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá ti kọjá 3,000 mítà, kí ibi tí yóò sùn lọ́jọ́ kan má fi ju 500 mítà ga ju ti àná lọ. Ẹni tó ti lo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ní La Paz, ní Sucre tàbí ní Uyuni fúnra rẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ ti ṣe ohun tó yẹ. Ẹni tó bá gbéra láti San Pedro de Atacama ní Ṣílè, tí gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2,400 mítà, tó sì sùn ní ẹ̀gbẹ́ adágún Laguna Colorada lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ti fi nǹkan bí 1,900 mítà gòkè lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń ta ọ̀nà méjèèjì ní iye tó fẹ́ẹ̀ dọ́gba, ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í sì í béèrè ìyàtọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ìwé atọ́nà tí wọ́n kọ fún àwọn òyìnbó kì í sábà mẹ́nu bà, tó sì kan ọmọ Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ní jẹ́nótáìpù AS. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, AS kì í dá ènìyàn láàmú. Ní orí òkè gíga, níbi tí ọ́síjìn ti kéré, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lára wọn lè bẹ̀rẹ̀ sí í dì nínú ọlọ inú, kí apá kan rẹ̀ sì kú. Ìrora líle lábẹ́ egungun ìhà òsì ni àmì àkọ́kọ́, wọ́n sì ti kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn lọ́pọ̀ ìgbà. Fún ẹni tó jẹ́ SS, ìrìn-àjò yìí kò yẹ láìsí àṣẹ dókítà tó mọ ara rẹ̀ dáadáa. AS lè lọ, ṣùgbọ́n kí ó lọ díẹ̀díẹ̀, kí ó mu omi púpọ̀, kí ó má sì fi ìrora ìhà òsì pe inú rírun.

Ọkọ̀ àti awakọ̀

Ọkọ̀ jíìpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń wa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pàápàá Toyota Land Cruiser, ni wọ́n ń lò. Ènìyàn mẹ́fà ló sábà ń wọ̀ ọ́, pẹ̀lú awakọ̀. Epo, oúnjẹ àti ẹrù máa ń wà lórí òrùlé, nítorí ilé epo kò sí lójú ọ̀nà. Nínú ìrìn-àjò olówó pọ́ọ́kú, awakọ̀ yìí kan náà ni afinimọ̀nà, mẹkáníìkì àti ẹni tó ń gbọ́ oúnjẹ. Ẹni tó bá fẹ́ afinimọ̀nà tó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò fi owó kún un. Lórí iyọ̀, kò sí títì, kò sí àmì, ipa táyà nìkan ló wà. Àwọn òkè tó yí pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà ká ni awakọ̀ àtijọ́ fi ń mọ ọ̀nà. Ó tún gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àwọn tí wọ́n ń pè ní ojú pẹ̀tẹ́lẹ̀ wà, ìyẹn ihò tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti ń hó jáde tí èèpo iyọ̀ ibẹ̀ kò sì nípọn tó láti gbé ọkọ̀.

Bí ilẹ̀ ṣe tẹ́ tó yìí kò sọ ibẹ̀ di ibi tí kò léwu. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, jíìpù méjì forí sọ ara wọn lórí iyọ̀ náà, ènìyàn tó ju mẹ́wàá lọ ló sì kú. Eré àsápajúdé, ọtí àti àárẹ̀ awakọ̀ ni ohun tí oníbàárà gbọ́dọ̀ máa ṣọ́. Kí ó wo táyà ìpamọ́, bẹ́líìtì ìjókòó, ohun èlò ìtọ́jú pàjáwìrì àti agolo ọ́síjìn kí ó tó san owó. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti dáhùn. Ní ti ẹrù, aṣọ òtútù, àpò ìsùn, awò oòrùn, ìpara tó ń dènà oòrùn, omi àti owó Bòlífíà lọ́wọ́ ló ṣe kókó, nítorí ẹ̀rọ tó ń pọ owó kò sí lẹ́yìn ìlú Uyuni.

Ọjọ́ kìíní: iyọ̀

Ọdún 1889 ni wọ́n dá ìlú Uyuni sílẹ̀, ojú irin ló sì bí i. Ọkọ̀ ojú irin tó ń kó àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì láti inú òkè lọ sí èbúté Antofagasta ń pàdé níbẹ̀. Antofagasta gan-an ti jẹ́ ti Bòlífíà rí, kí orílẹ̀-èdè náà tó pàdánù etíkun rẹ̀ fún Ṣílè nínú ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1879. Nígbà tí iṣẹ́ ìwakùsà rọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1940, wọ́n pa àwọn ẹ́ńjìnnì tì sí ẹ̀yìn ìlú, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ sì ń jẹ wọ́n títí di òní. Itẹ́ òkú ọkọ̀ ojú irin yìí ni ọkọ̀ ń kọ́kọ́ yà sí. Ìrísí rẹ̀ dùn ún yà ní fọ́tò, ṣùgbọ́n kò gba ju ìdajì wákàtí lọ.

Colchani, abúlé tó wà létí iyọ̀, ló yẹ kí wọ́n pẹ́ sí. Àwọn ìdílé ibẹ̀ ń ha iyọ̀ jọ ní òkìtì ṣóńṣó kí omi lè ro kúrò lára rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sílé, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì po áyódíìnì mọ́ ọn kó tó wọ ọ̀rá. Áyódíìnì yìí ṣe pàtàkì nítorí gègè ti bá àwọn ará òkè Andes jà fún ìgbà pípẹ́. Kí ọkọ̀ akẹ́rù tó dé, ẹranko llama ni wọ́n ń di iyọ̀ rù. Wọ́n á dà wọ́n lọ sí àfonífojì, wọ́n á sì fi iyọ̀ gba àgbàdo. Owó tí iyọ̀ ń mú wọlé kéré, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ fi yà sí iṣẹ́ àlejò.

Láti Colchani, ọkọ̀ á wọ inú funfun. Ojú kì í rí igi tàbí ilé tó lè fi díwọ̀n jíjìnnà, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn arìnrìn-àjò lè ya fọ́tò tí ènìyàn kan ti dúró sórí bàtà ẹnì kejì. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà láti ara iyọ̀ lè ba ojú jẹ́ láàárín wákàtí mélòó kan, ó sì ń jó abẹ́ àgbọ̀n àti ihò imú tí fìlà kò lè bò. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n kọ́ ilé ìtura tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù iyọ̀ ṣe sí àárín pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà. Omi ìdọ̀tí rẹ̀ kò níbi tí yóò gbà, wọ́n sì wó o ní 2002 kí wọ́n tó tún un kọ́ sétí. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ létí iyọ̀ nísinsìnyí.

Erékùṣù Incahuasi jẹ́ orí òkè ayọnáyèéfín tí adágún àtijọ́ bò mọ́lẹ̀. Ara òkúta rẹ̀ ṣì gbé àwọn ohun tó jọ iyùn tí àwọn ewéko inú omi ìgbà náà fi sílẹ̀. Igi kákítọ́ọ̀sì ẹlẹ́gùn-ún ló bò ó. Nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan ni wọ́n ń ga lọ́dún, àwọn mìíràn sì ga ju mítà mẹ́wàá lọ. Láti orí rẹ̀, òkè Tunupa, 5,321 mítà, hàn ní àríwá. Àwọn Aymara ń sọ pé obìnrin ni Tunupa, pé ọkọ rẹ̀ Kusku sá tẹ̀ lé Kusina, àti pé omijé Tunupa àti wàrà ọmú tó fi ń tọ́ ọmọ ló pò mọ́ra di pẹ̀tẹ́lẹ̀ iyọ̀. Àwọn kan níbẹ̀ ṣì gbà pé orúkọ Tunupa ló yẹ kí pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà máa jẹ́. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀, wọ́n á sùn ní ilé iyọ̀ kan ní etí gúúsù, ní gíga tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Uyuni.

Ọjọ́ kejì: adágún àti òkúta

Ọkọ̀ á kọjá lára oko quinoa, ọkà tó lè fara da ilẹ̀ oníyọ̀ àti òtútù, á sì máa gòkè lọ sí ìhà Ollagüe, òkè ayọnáyèéfín ẹnubodè tí èéfín ṣì ń rú lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn adágún: Cañapa, Hedionda tí òórùn imí-ọjọ́ rẹ̀ ń júwe ara rẹ̀, àti àwọn mìíràn. Ẹyẹ flamingo ló kún inú wọn. Ẹ̀yà mẹ́ta ló wà: ti Andes, ti Ṣílè àti ti James, èyí tí àwọn onímọ̀ ti rò pé ó ti run títí wọ́n fi tún rí i ní àwọn ọdún 1950. Àwọ̀ ìyẹ́ wọn ń ti inú oúnjẹ wọn wá. Nínú aṣálẹ̀ Siloli, afẹ́fẹ́ oníyanrìn ti jẹ ìdí òkúta kan tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí orí rẹ̀ ṣì fẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní igi òkúta. Yanrìn kì í fò ga, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ ìsàlẹ̀ ló ń jẹ. Gígùn ún ti di èèwọ̀.

Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ìpamọ́ Eduardo Avaroa bẹ̀rẹ̀, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1973. Wọ́n fi orúkọ akọni tó kú ní Calama nínú ogun 1879 sọ ọ́. Laguna Colorada, adágún pupa, ga tó 4,278 mítà. Àwọn ewéko tíntìntín àti ohun inú omi ló ń fún un ní àwọ̀ yìí, erékùṣù bọ́ráàsì funfun sì wà nínú rẹ̀. Ilé àlejò etí rẹ̀ kò ní ju ibùsùn àti búláńkẹ́ẹ̀tì lọ. Iná mànàmáná kì í ju wákàtí mélòó kan. Alẹ́ yìí ni soroche máa ń mú ènìyàn jù. Kí wọ́n jẹ ìwọ̀nba, kí wọ́n yẹra fún ọtí, kí ẹni tí orí ń fọ́ sì sọ fún awakọ̀ kó tó sùn.

Ọjọ́ kẹta: oru àti ẹnubodè

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ń gbéra, nítorí oru Sol de Mañana máa ń hàn jù nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tutù. Iná abẹ́ ilẹ̀ ló ń se ẹrẹ̀ níbẹ̀ tí ó ń hó, tí oru imí-ọjọ́ sì ń rú sókè. Kò sí ọgbà tó yí àwọn ihò náà ká, etí wọn sì lè já. Ẹsẹ̀ ẹni gbọ́dọ̀ wà níbi tí ti awakọ̀ ti tẹ̀. Láti ibẹ̀ wọ́n á sọ̀kalẹ̀ sí Polques, níbi tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti ń sun láti inú ilẹ̀, tí àwọn tó lè fara da bíbọ́ aṣọ nínú òtútù á sì wẹ̀. Aṣálẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ ayàwòrán Salvador Dalí pè, nítorí ìrísí àwọn òkúta rẹ̀, kì í gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ láti inú ọkọ̀.

Laguna Verde, adágún aláwọ̀ ewé, wà lẹ́sẹ̀ òkè Licancabur tó ga ju 5,900 mítà lọ. Ásẹ́níìkì àti bàbà wà lára ohun tó ń pa á láwọ̀, nítorí náà flamingo kì í sábà yà síbẹ̀. Àwọ̀ náà kì í yọ dáadáa títí afẹ́fẹ́ á fi ru omi sókè ní ìyálẹ̀ta.

Ọ̀nà pín sí méjì ní ẹnubodè Hito Cajón. Àwọn kan á padà sí Uyuni nínú ọkọ̀ kan náà, ìrìn odindi ọ̀sán kan tí kò ní ohun tuntun púpọ̀. Àwọn ìyókù á gba èdìdì ìjáde, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì Ṣílè, títì ọlọ́dà á sì sọ wọ́n kalẹ̀ ní nǹkan bí 2,000 mítà dé San Pedro kí wákàtí kan tó pé. Ìjáde yìí ni ó mú kí ọ̀nà Uyuni sí Ṣílè sàn ju ìdàkejì rẹ̀ lọ: alẹ́ àkọ́kọ́ wà níbi tó rẹlẹ̀ ju ti alẹ́ kejì lọ, ọ̀sán ìkẹyìn sì jẹ́ ìsọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá di dandan fún láti bẹ̀rẹ̀ láti Ṣílè, kí ó kọ́kọ́ lo ọjọ́ mélòó kan ní San Pedro, kí ó fi ọ̀sán gun ibi tó ga kí ó sì padà wá sùn nílùú, kí ó sì bá ilé-iṣẹ́ ṣe àdéhùn ọjọ́ mẹ́rin dípò mẹ́ta.